Ọta Wẹ́wẹ́ Lára Àgbọ̀nrín

Màmá ti ìka bọ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n ń wá nǹkan kiri nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àgbọ̀nrín náà wà nílẹ̀ lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Challenge, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Èéfín igi ń ta mí lójú. Àárọ̀ kùtù ni, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Èkó ń fun fèrè lójú títì. Màmá fa ìka yọ, wọ́n ju nǹkan dúdú kékeré kan sínú abọ́ tánńganran, ó dún tín. Wọ́n tún wá òmíràn jáde. Kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ.

"Ọkọ mi, kí lẹ fi pa ẹran yìí?"

Ọkùnrin tí wọ́n bi léèrè kì í ṣe ọkọ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn tó ti kú ni. Ó ti ń rìn nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé Màmá wọlé ní ìyàwó, nítorí náà "ọkọ mi" ni Màmá ń pè é, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bọ̀dá Ọdẹ ni èmi ń pè wọ́n. Ẹlẹ́yẹlé ni ilé wọn, igbó ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń ṣọdẹ, Màmá tó ń yan ẹran ìgbẹ́ tà ni wọ́n sì ń gbé gbogbo ohun tí wọ́n bá pa wá fún.

Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, kò fọkàn tán ọdẹ kankan. Wọ́n á gbóòórùn ẹnu ẹran, bóyá oògùn apẹja ló pa á. Wọ́n á ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, wọ́n á tẹ ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ni wọ́n máa ń pẹ́ sí jù, torí wọ́n ní ọdẹ lè purọ́, ọgbẹ́ kì í purọ́. Ọta wẹ́wẹ́, fún ẹyẹ àti ehoro ni. Tó bá jẹ́ àgbọ̀nrín, kí ọdẹ fi ọta ńlá sínú ìbọn, kó sún mọ́ ọn dáadáa, kí ẹran náà má tilẹ̀ mọ ìgbà tó kú. Ẹni tí kò bá ní ọta ńlá lọ́wọ́, kó jẹ́ kó kọjá lọ.

"Ọta kékeré kì í pa ẹran ńlá," wọ́n á wí. "Ìyà ló ń fi ránṣẹ́ sí i."

Bọ̀dá Ọdẹ dáhùn láti ibi tí wọ́n dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. "Ọta ńlá ni mo fi pa á, Màmá. Ìdájí òní ni. Ẹlòmíràn ló ti kọ́kọ́ yìnbọn lù ú. Mo bá a níbi tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe mí."

"Ẹlòmíràn." Màmá rọra tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ta ni ẹlòmíràn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Màmá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àgbọ̀nrín náà sókè. Òórùn kan jáde níbẹ̀ tí mo fi yí ojú kúrò. Itan rẹ̀ ti wú, ọyún wà nínú àwọn ihò kéékèèké náà, eṣinṣin sì ti yé sí i.

"Ọgbẹ́ ijẹta lèyí," wọ́n wí. "Ìwọ lo yìnbọn lù ú níjẹta. Ọta ńlá ti wọ́n, o fi ọta ẹyẹ dán an wò, ó sá mọ́ ọ lọ́wọ́, o wá padà lọ wá a lónìí. O tún wá dúró síbí, o ń purọ́ fún mi."

Mo gbójú sókè. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ kí Màmá pe Bọ̀dá Ọdẹ ní "ìwọ" rí. Bọ̀dá Ọdẹ náà gbọ́ ọ. Wọ́n tú àpò wọn, wọ́n da gbogbo ọta inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Màmá. Ọta ńlá nìkan ló wà níbẹ̀. Màmá fi ẹsẹ̀ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ohun téèyàn fẹ́ kí n rí ló máa kó sápò."

"Màmá, ẹ la àyà ẹ̀. Ẹ kàn là á, ẹ wò ó."

"Mi ò ní fi ọ̀bẹ mi kan ẹran ìyà. Gbé e kúrò ńbí."

Bọ̀dá Ọdẹ kò gbé e. Wọ́n ṣa ọta wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì jáde. A gbọ́ tí alùpùpù wọn kọ̀ tí kò jó, tó tún wá jó, tó lọ.

Gbogbo àárọ̀ yẹn, Màmá ń lé eṣinṣin, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ sínú. Wọ́n rántí ẹtù kan tí Bọ̀dá Ọdẹ gbé wá nígbà òjò, wọ́n ní àwọn ò tilẹ̀ yẹ ìyẹn wò dáadáa. Wọ́n bi mí bóyá mo ti rí i kó máa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bòńkẹ́lẹ́ níwájú ilé. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bọ̀dá Ọdẹ ti ra àkàrà fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá ń bi ara mi pé kí ni wọ́n ń fi àkàrà náà wá lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni àbúrò Màmá dé, ọmọ ìyá wọn, tó ń wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ kan ní Ring Road, tó sì máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sígbó bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Àparò méjì ló gbé wá. Màmá kì í yẹ ohun tó bá mú wá wò. Ó mu omi, ó na ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí àgbọ̀nrín tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níjẹta, lọ́nà Ìjẹ̀bú níbẹ̀ yẹn! Ọta àparò ló wà nínú ìbọn, mo ní kí n ṣáà dán an wò. Ó ṣubú, ó tún dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ló ń wọ́ lọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bá rí bó ṣe ń tiro."

Màmá dìde. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n ní kí n wá bá àwọn yí ẹran náà padà. Ẹ̀gbẹ́ tó fi sùn lé ewé, a kò tíì wò ó látàárọ̀. Ihò ńlá kan wà níbẹ̀ lẹ́yìn apá. Màmá la àyà rẹ̀, wọ́n sì rí ọta ńlá náà nínú ọkàn rẹ̀. Kò sí ọyún níbẹ̀, kò sí òórùn.

Wọ́n wẹ ọwọ́ wọn. Wọ́n kó àparò méjèèjì, wọ́n kó wọn lé àbúrò wọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"Ijẹta lo yìnbọn lù ú, àárọ̀ yìí ló kú. Ìwọ sì ń sùn dáadáa láàárín méjèèjì. Gbé ẹyẹ rẹ."

A sin àgbọ̀nrín náà sí ẹ̀yìn ilé. Màmá wé gèlè, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a wọ takisí dé Dùgbẹ̀, a tún wọ òmíràn lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Bọ̀dá Ọdẹ wà níta, wọ́n ń fi àkísà olóróró nu ìbọn. Màmá kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì lójú ìyàwó Bọ̀dá Ọdẹ àti àwọn ará ilé.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Mo ṣì yín mú."

Bọ̀dá Ọdẹ ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀. "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ayé á bú mi." Nígbà tí Màmá jókòó tán, wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kì í ṣe pé ẹ bi mí ló dùn mí. Iṣẹ́ yín ni. Ẹ bi mí, ẹ ò wá fẹ́ gbọ́. Ta ló kọ́ mi ní ọta tó yẹ ẹran, bí kì í ṣe ẹ̀yin?"

Ó pẹ́ kí Bọ̀dá Ọdẹ tó tún gbé ẹran wá sílé wa. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń bó, kí alùpùpù wọn tó tún dún lẹ́nu ọ̀nà. Màmá sáré jáde láìwọ bàtà.

Mo ti nílé tèmi ní Bódìjà báyìí. Ọmọbìnrin kan ń bá wa gbé, ọmọ ẹbí ọkọ mi. Bí nǹkan bá fọ́ tàbí tó bá sọnù, mo máa ń rí i bí gbogbo ojú ṣe máa ń yí sọ́dọ̀ rẹ̀, tèmi náà á sì fẹ́ yí. Mo ń fura o, n kò lè parọ́. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti jogún ẹ̀, n kò sì fẹ́ kó kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di pé kí n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, àwọn ọmọ tí mo fi ikùn ara mi bí ni mo máa ń kọ́kọ́ pè.