Igi Òdòdó Tí Màmá Kò Gbọdọ̀ Rí

Inú páálí ni wọ́n gbé igi òdòdó náà sí wá láti òkè òkun. Obìnrin tó gbé e wá jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ màmá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣaláìsí lọ́hùn-ún. Ó ní nínú ìkòkò kan lẹ́nu ọ̀nà ilé olóògbé ni igi náà wà, pé olóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, pé kamẹ́líà ni wọ́n ń pè é. Nígbà òtútù, tí àwọn igi yòókù bá ti wọ́wé tán, ìgbà yẹn ni tirẹ̀ máa ń yọ òdòdó pupa.

Màmá súnmọ́ páálí náà. Ó fi ọwọ́ nu ojú ewé kan, ó wá wò mí.

“Ìwọ lo mọ̀ nípa fúláwà. Wá ibi tí yóò gbà á.”

Èmi kì í ṣe ọmọ màmá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti fi ìwé kíkà sílẹ̀ ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdírì. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà òdòdó kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Fájuyì, níbi tí a ti ń gbin fúláwà sínú ọ̀rá dúdú fún àwọn tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, nítorí igi kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Tí oníbàárà bá dé, ẹ̀yìn àwọn igi ńlá ni mo máa ń sá sí. Ọ̀gá mi á ní, “Ẹ má bínú o, mo ní ọmọ iṣẹ́ kan, àmọ́ ewé ti gbé e mì.”

Mo já ewé kan lọ fún ọ̀gá mi. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ó ń dán bí ewé kọfí, kí n kúkú tọ́jú rẹ̀ bíi kọfí: kí n gbìn ín síbi tí òòrùn kò ti ní pa á, sínú ilẹ̀ dúdú tí ewé ti jẹrà sí, kí omi má sì dúró sí i nídìí.

Ibi tó dára jù ni abẹ́ igi máńgòrò, níwájú fèrèsé yàrá màmá. Mo kọ ebè gígùn kan síbẹ̀ kí gbòǹgbò lè ráyè. Mo to òkúta yí i ká, mo kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, bí a ti máa ń ṣe é fún àwọn onílé ńlá. Mo wá gbin igi náà sí apá òkè ebè.

Láti ọjọ́ náà, màmá máa ń ṣí fèrèsé láàárọ̀, á jókòó tì í. Oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí wọlé fún un. Nígbà tí igi náà rudi, mo gbọ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀: “Ṣé o sùn dáadáa?” Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni ẹ̀gbọ́n màmá dé láti Ìgèdè. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi sọ báàgì sílẹ̀.

“Yéè! Ta lẹ sin síwájú ulé?”

“Fúláwà ni, mà.”

“Fúláwà! Fúláwà tó gùn tó ènìyàn? Tó ní orí, tó ní ẹsẹ̀?”

Mo wo ilẹ̀ náà, mo sì rí i. Ebè náà gùn gbọọrọ, òkúta funfun yí i ká, igi dúró níbi orí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe é, ọgbà ni mo rí.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Màmá kò lọ síbi ìsìnkú náà. Ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ pé òkè òkun ni kí wọ́n sin ín sí, kí àwọn ọmọ lè máa rí ibi tí ìyá wọn wà. Kò sẹ́ni tó fi fọ́tò ibẹ̀ han màmá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́. “Ṣé ohun tó ò ń jókòó tì láràárọ̀ nìyí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, igi ni.”

“O mọ̀ pé kì í ṣe igi.”

Màmá na ọwọ́, ó ti fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde wá bá mi. “Ìwọ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Hú u, kó o lọ gbìn ín síbi tí kò ní mọ̀. Má fi hàn án láéláé.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi: ẹ jẹ́ kí n kó òkúta kúrò, kí n sọ ebè di róbótó, nítorí a kì í hú igi tó ti rudi nínú ọyẹ́. Kò jáde. Mo gbé ọkọ́.

Mo gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná àtijọ́, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí ojú kò lè dé láti inú ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá korobá kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, omi kún inú rẹ̀. Màmá ti fà á ní kànga fúnra rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé e, kò wo ibi tí mo gbà. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn náà.

Àwọn ìrudi igi náà kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé gbígbẹ, wọ́n wá já sílẹ̀ láìlà. Ewé tẹ̀ lé e. Mo fi èékánná ha èèpo igi náà, kò sí ibi tútù kankan lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n sọ fún màmá. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ẹnu wo ni n ó fi túfọ̀ èyí fún un? Lọ́jọ́ kan, ó bi mí láìgbójú sókè, “Ṣé omi náà ń tó o?”

“Ó ń tó o, mà.”

Kànga ti ń gbẹ báyìí, omi tó ń tibẹ̀ wá ti pọ́n fún ẹrẹ̀. Màmá máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ kó tó gbé e sílẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ yìí náà, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e lọ sídìí igi gbígbẹ náà, mo sì dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Nígbà tí mo gbé korobá padà dé, màmá yọjú wo inú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì da ojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, de ọ̀la.