Bàbá Òwú Pupa àti Fóòmù Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Olè tó lókìkí jù lọ ládùúgbò wa kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù ni wọ́n sì ti mú un. Bàbá Òwú Pupa ló mú un, ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ wo àárín irin iwájú ọkọ̀ rẹ̀, tó rí ohun dúdú kan tó ń mì díẹ̀díẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Kò pariwo. Ó rọra kan ilẹ̀kùn káfíńtà, ó kan ti aránṣọ, ó ní kí wọ́n mú ohunkóhun tọ́wọ́ wọn bá bà wá. Káfíńtà mú ayùn. Aránṣọ mú sísọ́ọ̀sì. Èmi mú òpó kan tí ọkùnrin mẹ́ta kì í sábà lè gbé, mo sì fi ọwọ́ kan gbé e.

Bàbá dojú kọ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ìwọ tó o wà níbẹ̀ yẹn, mo fẹ́ wúkọ́. Tí mo bá wúkọ́ tán tó ò tíì jáde, ohun tójú ẹ bá rí, kó o fara mọ́ ọn." Ó wúkọ́. Ẹnikẹ́ni ò jáde. Ó fa bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, olè sì já lù ú lórí. Àwọn méjèèjì gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Bàbá fi apá há a lọ́rùn, eruku dúdú bo gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ túbọ̀ mọ́ la tó rí i pé fóòmù ni, fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi bọ́tìnnì oníke kàn mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ooru àti ariwo ẹ́ńjìnnì má bàa pọ̀ jù. Ó ti gbó, ó ti rọ̀ wálẹ̀, apá kan rẹ̀ sì ti já. Káfíńtà ní, "Bàbá, ọrùn rẹ̀ dà?" Bàbá ní, "Mo ti fún un já."

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ẹrù tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ni iṣẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Ìfura niṣẹ́ Bàbá, ẹrù kíkó kàn jẹ́ àfikún. Ó ń fura sí aago ara ògiri pé ó máa ń sáré nígbà tóun bá kọ̀yìn sí i. Gbogbo ohun tó ní ló fi òwú pupa so: ìdérí tàǹkì epo, orí bátìrì, ilẹ̀kùn yàrá, ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Tó bá jí, á yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á tú wọn, á sì tún wọn so kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ́ ọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni, torí náà kókó òwú rẹ̀ máa ń kọjú sósì. Kò sẹ́lòmíràn tó ń so bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èkúté já òwú ìkòkò ọbẹ̀. Odidi àdúgbò ló rojọ́ lọ́jọ́ náà, títí kan àlejò kan tó kàn wá béèrè ọ̀nà.

Bàbá fi okùn gbé fóòmù yẹn padà síbi tó wà. Àmọ́ ó tún ń rọ̀ lé ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ń jó o, òórùn rẹ̀ sì ń wọnú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti fẹ́ bímọ. Ìyàwó Bàbá là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ tuntun kankan ò ní fi imú fa irú òórùn yẹn. Bí kò bá pààrọ̀ fóòmù, bàbá ọkọ ọmọ wọn ni yóò fi káà rẹ̀ gbé ìyá àti ọmọ láti ilé ìwòsàn wálé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dun Bàbá dé egungun. Káà àna rẹ̀ yìí funfun, ó ń dán, ọkùnrin náà sì máa ń fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì tó bá ń kọjá níwájú ilé wọn. Bàbá gbà pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìkíni. Ó ti fura tipẹ́ pé ìkejì, èébú ni.

Ló bá lọ ra fóòmù tuntun. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí oòrùn, ó fi èékánná họ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ariwo lòun fẹ́ kó bá òun dí, kí ọkùnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀ náà dúró lẹ́yìn fóòmù kó máa sọ̀rọ̀, kóun máa tẹ́tí níwájú. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Bàbá ní òun ń gbọ́ ọ ketekete, ayédèrú ni. Ọkùnrin náà ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, ó búra, títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tó sì dákẹ́. Bàbá tún tẹ́tí. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí," ó sì rà á.

Mẹkáníìkì kan náà ló ti ń tún píkọ́ọ̀pù yẹn ṣe látìgbà tó ti wà ní tuntun, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀ Bàbá ò fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un rí. Orí táyà àlòkù kan ló máa ń jókòó sí, á dojú kọ ọ́, á máa bi í nídìí tó fi mú súpánà tó mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé fóòmù tuntun náà lọ bá a, ó ti kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un pé fóòmù ò lè dédé já, pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Mẹkáníìkì bi í pé kí lòun máa fi fóòmù tó gbó ṣe. Bàbá ní, "Ohun tí mò ń wádìí gan-an nìyẹn."

Wọn ò tíì tú bọ́tìnnì kan tí fóònù Bàbá fi dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ọmọ wọn ti bí obìnrin, dókítà ní wọ́n lè máa lọ sílé lọ́sàn-án, kí Bàbá tètè wá wò wọ́n. Ó fi kún un pé àna wọn ti dé, káà rẹ̀ wà lẹ́nu géètì.

Bàbá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Bó bá dúró ṣọ́ mẹkáníìkì, àna á ti gbọ́mọ lọ. Bó bá lọ, ta ló máa ṣọ́ mẹkáníìkì? Níkẹyìn, ó yọ òwú pupa jáde, ó so ó mọ́ gbogbo bọ́tìnnì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí mẹkáníìkì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gun alùpùpù kan lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀yìn ló sì kọjú sí títí wọ́n fi yà ní ìkóríta.

Wọ́n gbé ọmọ fún un. Ó wo ojú ọmọ náà, ọmọ náà sì ranjú mọ́ ọn bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Inú Bàbá dùn, ó ní ọmọ òun ni lóòótọ́. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá ń yọ́ lọ sínú àpò. Ìyàwó rẹ̀ ní, "So òwú mọ́ ọmọ yẹn kó o wo ohun tí mo máa ṣe." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lófo. Àna ń fi kọ́kọ́rọ́ káà ṣeré lọ́wọ́ nítòsí. Bàbá ní kó fara balẹ̀, ọkọ̀ tòun ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun máa bá a lọ fi imú ara òun gbóòórùn ọkọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì ti nu ọwọ́ rẹ̀. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fóòmù tuntun tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, kò rọ̀ níbì kankan, òwú pupa sì wà lára gbogbo bọ́tìnnì. Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ṣó o rí i? Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan òwú mi. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò ṣiṣẹ́ kankan."

Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, mo já wọn kí n tó lè tú bọ́tìnnì. Mo wá tún wọn so padà fún yín."

"Kí ló dé tó o tún wọn so?"

"Kí ọkàn yín lè balẹ̀ ni, sà."

Bàbá ronú sí i. Ó ní ẹni tó lè so òwú òun padà, kí ló kù tí kò lè ṣe? Fóòmù yìí kan náà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn fọ̀ ọ́ ni. Mẹkáníìkì lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́ fóòmù àtijọ́ jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bàbá ní ti ẹlòmíràn ni. Mẹkáníìkì bá yí i pa dà, kí wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹnì kan ti fi aṣọ lẹ ẹ̀yìn fóòmù náà níbi tó ti kọ́kọ́ ya, ó fi òwú pupa rán an. Aṣọ náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ní òdòdó kéékèèké lára. Ìyàwó Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìró rẹ̀ ni, ìró tó sọnù lọ́jọ́sí, tí Bàbá fúnra rẹ̀ tìtorí rẹ̀ lé alágbàfọ̀ kúrò nílé, tó ní ojú ọkùnrin náà ti jọ ojú ẹni tó fẹ́ràn òdòdó jù.

"Bàbá ọmọ mi," ohùn rẹ̀ tutù, "fóòmù ta nìyí?"

Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Tó bá ní ti òun kọ́, wọ́n máa wádìí iṣẹ́ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, àna á sì ti fun fèrè dé ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú ọmọ. Tó bá ní ti òun ni, a jẹ́ pé ilé rẹ̀ gan-an ni olè tó ti ń wá látọjọ́ yìí ń gbé. Bàbá wúkọ́. Ó ní, "Ti wa ni. Wọkọ̀, ká lọ gbé ọmọ." Ìyàwó rẹ̀ wọkọ̀. Ó fi imú fa inú ọkọ̀ káàkiri, kò rí òórùn kankan. Ó ní òórùn kan ṣoṣo tó kù nínú ọkọ̀ náà, ẹni tó ń wà á ni.

Bí wọ́n ṣe gbọ́mọ wálé nìyẹn. Bàbá rọra ń wakọ̀, adìyẹ kan tiẹ̀ rìn kọjá wọn lójú ọ̀nà. Ọmọ náà sùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ́ńjìnnì ò jí i. Bàbá fun fèrè lẹ́ẹ̀kan níwájú ilé àna. Ó rò ó, ó tún un fun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ wá alágbàfọ̀ padà, ó sì di aṣọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ fún un. Àmọ́ ó so òwú mọ́ ọn.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí Bàbá tó fayé sílẹ̀, lórí ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rùn, lẹ́yìn tó ti béèrè lọ́wọ́ dókítà pé ta ló rán an wá. Ọmọbìnrin tó sùn nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ló ń wa píkọ́ọ̀pù náà báyìí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni fóòmù tún rọ̀, ló bá gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan náà. Irun orí ọkùnrin náà ti funfun báláú.

Mẹkáníìkì yẹ gbogbo ọkọ̀ wò. Lórí tàǹkì epo, lórí bátìrì, kókó tó kọjú sósì ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá. Ó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ láti já àwọn òwú ara bọ́tìnnì, ó sì dúró. Ó nu dígí ojú rẹ̀, ó tún wò ó. Gbogbo kókó ibẹ̀ kọjú sọ́tùn-ún. Òun ló so wọ́n lọ́jọ́sí. Bàbá tó ń tú gbogbo òwú láràárọ̀, tó ń tún gbogbo òwú so, kò fọwọ́ kan ìwọ̀nyí rí.

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà tí Bàbá máa ń jókòó sí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde láti ṣiṣẹ́. Nígbà tó ṣe tán, tí fóòmù tuntun ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó bi ọmọ náà bóyá wọ́n ṣì ní òwú pupa nílé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, ó mú ìdì òwú Bàbá jáde. Bàbá ti fi òwú so ìdì òwú náà gan-an. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọn ò sì tètè nù ún. Lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n mọ́ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ọwọ́ òsì ló fi ń so wọ́n.