Ẹja Inú Gíláàsì àti Ọkọ̀ Bàbá Mi

Òórùn ẹja yíyan kì í ṣe ohun tí ọṣẹ lè bá wí. Ní Zion Pepe, ìlú wa létí omi, nígbà náà, bí mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí mo fín lọ́fínńdà lé e, ọmọ obìnrin tó ń yan ẹja ni mo ṣì ń jẹ́ ní imú gbogbo ènìyàn. Èmi àti ìyá mi la jọ ń yan ẹja tà. Apẹja ni bàbá mi, ó ti kú, ọkọ̀ rẹ̀ sì dojú délẹ̀ lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi àgbọn. Wọ́n ti sọ fún ìyá mi títí pé kí ó la ọkọ̀ náà fi dáná, ṣùgbọ́n ó ní igi tó gbé ọkọ òun lọ, tó sì ń gbé e bọ̀, kò níí parí sábẹ́ ẹja. Inú irú ilé yìí ni mo ti jáde lọ nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń sin ẹja bí ẹni ń sin ajá.

Ẹnjiníà ni. Ìlú òkè ló ti wá, ó ń ṣiṣẹ́ epo lójú òkun, ó sì háyà ilé sí Igbókòdá. Mo gbé ẹja lọ sọ́jà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rà lọ́wọ́ mi, ó wá ní òun náà ní ẹja nílé, kí n wá wò ó. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọkùnrin ń gbà pe obìnrin wá sílé, n kò gbọ́ ìyẹn rí. Mo lọ. Àṣé òótọ́ ló ń sọ. Àpótí gíláàsì kan wà lórí tábìlì, ẹja mẹ́jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, pupa àti aláwọ̀ aró, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kún ẹnu ológbò. Ọ̀pá kékeré kan tó ń lo iná ń mú omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, tẹmómítà tó ń wọn bí omi ṣe gbóná tó sì lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì. Ó ní omi náà kò gbọdọ̀ tutù ju mẹ́rìnlélógún lọ, kò gbọdọ̀ gbóná ju mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gan-an ni ọkàn òun fẹ́. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe Àmín ló ṣe ń pe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń pè é, mo sì gbà pé mo ti rí ọkọ.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé ọmọ odò kò mọ̀ ju kí ó pa ẹja lọ. Nítorí náà, nígbà tí ibi iṣẹ́ ní kí ó lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú òkun, tí kò sí ẹni tí yóò máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja, ó ní, "Bá mi tọ́jú wọn. Bí mo bá bá wọn láàyè, màá mú ọ lọ rí ìyá mi." Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gbé gíláàsì lé itan nínú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì láti Igbókòdá dé ilé, ẹja wà nínú kẹ́ẹ̀gì láàárín ẹsẹ̀ mi, gbogbo èrò ọkọ̀ sì ń bi mí bóyá ẹja ti tán lódò ni.

Ìyá mi tẹjú mọ́ wọn títí. "Ìgbà wo ni wọ́n máa dàgbà?"

Mo ní, "Wọ́n ti dàgbà, Ìyá."

"Báyìí náà?" Ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Iná ìjọba kò sí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ọ̀pá tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ohun ẹ̀ṣọ́. Ní ìdájí, tẹmómítà a wà ní méjìlélógún. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn bá ti yan òrùlé páànù wa jinná, a ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ń se omi ní ìdájí, mo ń rọ ọ́ sínú ìgò, mo ń ki ìgò bọ gíláàsì. Tó bá di ọ̀sán, màá máa fi aṣọ tútù wé e bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹja pupa kan sùn, ó kọ ikùn sókè. Èmi tí mo ti ń la inú ẹja láti kékeré, agbọ̀n-agbọ̀n, mo jókòó, mo sunkún nítorí ẹja tí kò gùn tó ìka mi. Ìyá mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kò tó í yan. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ó sì rí i pé kì í ṣe ẹja ni mo ń sunkún sí.

Ó ní, "Ọma mi, omi tó wà lójú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ máa ń gbóná lọ́sàn-án. Odò ńkọ́? Ta ló ń se omi gbígbóná fún odò? Omi kékeré ló ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí oòrùn bá sọ gbọ́."

Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó ní kí n wá bá òun dojú ọkọ̀ bàbá mi sókè. Ó fi òwú àti ọ̀dà dí ibi tó ń jò, a pọn omi kún un, a to pákó sí ìsàlẹ̀, a sì gbé gíláàsì kalẹ̀ sínú omi náà títí dé ọrùn. A fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lókè. Àwọn aládùúgbò bi wá ìdí tí a kò fi kúkú gbé e sódò. Ìyá mi ní ìgbì ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yóò gbé ọkọ ọmọ òun lọ. Láti ọjọ́ náà, ìdájí ni o, ọ̀sán ni o, tẹmómítà kò kúrò láàárín márùndínlọ́gbọ̀n sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ń lọ wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di mẹ́fà. Omi tó dúró sójú kan nínú ọkọ̀ bí tanwíjí, a ń bù wọ́n fún ẹja, ẹja ń sanra. Àwọn tí a kò rí bù di ẹ̀fọn, èmi ni wọ́n sì jẹ. Ní ọjọ́ tí ẹnjiníà dé, orí ẹní ni mo wà, ibà ti gbé mi dè, ara mi gbóná tó ohun tí a lè fi yan ẹja.

Ìyá mi sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ara mi kò yá. Ẹnjiníà ní, "Háà, pẹ̀lẹ́ o," ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹní mi kọjá sí ẹ̀yìn ilé. Mo gbọ́ igbe rẹ̀: "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!" Ó sáré wọlé padà, tẹmómítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní òun kò rí irú obìnrin báyìí rí, ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Gbogbo ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá nìyẹn o, ó sì dé bá mi lórí ẹní.

Mo ní, "Èmi ńkọ́? Mélòó ni tèmi?"

Ó wo tẹmómítà, ó wò mí. "Èyí kì í ṣe ti ènìyàn," ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n ṣìnà.

Ìyá mi ti padà sídìí ẹní mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì wà níwájú orí mi ní gbogbo àkókò yẹn. Kò gbé e kúrò. Ó bi ẹnjiníà pé, "Ọwọ́ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ọwọ́ náà kì í ṣe ti ènìyàn ni?"

Ó lọ lẹ tẹmómítà padà mọ́ gíláàsì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò sì níí purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ara mi yá, mo bá a kó ẹja méje padà sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì sọ fún un pé n kò níí lè lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo tún sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹja ni mo ń sunkún sí, mo ti mọ ojú wọn.

Mo ti lọ́kọ báyìí, Igbókòdá la sì ń gbé. Ọwọ́ ọkọ mi le bí àjẹ̀ ìtukọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà iwájú orí mi. Ìyá mi ti dàgbà, ọ̀dọ̀ mi ló wà; a wọ́ ọkọ̀ bàbá mi tẹ̀ lé e, ẹ̀fọ́ ló ń hù nínú rẹ̀. Ní àràárọ̀, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i tán, màá gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀.

Á ní, "Mélòó ni?"

Màá ní, "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ó dára," á ní. "Má tíì yan mí."