Bàbá Tó Jẹ Mọ́ínmọ́ín Mi

Ọdún tí yìnyín dá bọ́ọ̀sì dúró ní Peckham ni ìjì wó fẹ́ǹsì wa, aládùúgbò mi bá ní orí ilẹ̀ òun ni ewúro mi wà. Bàbá olùkọ́ tó ń gbé òkè ilé wa nìkan ló mọ ojú ààlà.

Ìwé àtijọ́ táwọn mọ́ńkì, àwọn ẹlẹ́sìn tó ń gbé ilé àdúrà, kọ nípa ìjà ààlà ìlú ni Bàbá máa ń kà, tí wọ́n á máa bá a jà: “Ìwọ mọ́ńkì, oúnjẹ ta lo jẹ kó o tó kọ èyí?”

Mo gbé mọ́ínmọ́ín fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, mo bèèrè ààlà.

“Ha, Mummy! Ẹ̀rí mi ti bàjẹ́.”

Aládùúgbò mi, tó ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí i:

“Aunty, ìrẹsì yín náà ṣì wà níkùn mi.”

Bá a ṣe pín ewúro nìyẹn. Mo sọ fáwọn ọmọ mi: ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí jẹ́rìí tán kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ.