Gúnrégé àti Àwọn Aṣọ Tí Kò Ṣeé Jù Nù

Ọjọ́ tí Gúnrégé alágbàfọ̀ fẹsẹ̀ lásán sáré já títì, tó ń lé gáùn aláwọ̀ ìyeyè kan lọ, ni òkìkí rẹ̀ kàn, òkìkí náà kò sì lọ sílẹ̀ títí ó fi kú. Agbẹ̀bí àdúgbò ló wà nínú gáùn ọ̀hún. Obìnrin náà ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ sí ibùdókọ̀, inú rẹ̀ ń dùn sí aṣọ tó wọ̀, àfi bó ṣe gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ dúró! Ẹ má jókòó o! Bí ẹ bá jókòó, ẹ ó rún un!"

Agbẹ̀bí dúró. Gúnrégé bá a, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ike omi tó fi ń wọ́n aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé, ọ̀gá alágbàfọ̀? Ṣé ilé ń jó ni?"

"Aṣọ ọrùn yín yìí, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ."

"Níbí? Láàárín títì?"

"Ẹ ya ilé kan. Ẹ ya ilé ẹnikẹ́ni. Aṣọ oníbàárà ni!"

"Ìyàwó yín ló tà á fún mi láàárọ̀. Ó ní ó ti kọjá oṣù mẹ́ta."

Òótọ́ ni agbẹ̀bí sọ. Gúnrégé fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé aṣọ tí olúwa rẹ̀ kò bá wá gbà láàárín oṣù mẹ́ta, òun á tà á. Kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni. Ó ta kóòtù ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta pé. Ọ̀gá ilé ìwé pàdé kóòtù náà lọ́rùn alápatà, ó sì kí i tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó tó mọ̀ pé aṣọ òun lòun ń kí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè bá Gúnrégé dúnàádúrà kó jèrè. Bó bá ti dá iye kan, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sunkún, ẹ dárúkọ bàbá rẹ̀, kò ní yẹ̀. Agbẹ̀bí mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ká apá, tó gbé iye tirẹ̀ lé òkè réré kí wọ́n lè máa ná an bọ̀ nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Màá bọ́ ọ," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó máa fọ gbogbo aṣọ mi lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé."

"Mo gbà," ni Gúnrégé wí.

Ẹnu ya agbẹ̀bí. "Àti ti ọkọ mi."

"Mo gbà."

"Àti àwọn kọ́tìnnì mi."

"Ìyá, mo ní mo ti gbà. Ẹ ṣáà bọ́ ọ!"

Báyìí ni ìròyìn ṣe tàn ká. Alágbàfọ̀ tó lè sáré tó yẹn nítorí aṣọ oníbàárà, àwọn èèyàn ní irú wọn ò pọ̀ mọ́ láyé. Àwọn tí kò bá a ṣe rí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wá, káńtà kún, ilẹ̀ kún. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yìn ín. Ìyàwó rẹ̀ ni, aránṣọ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ lápá kejì ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, kò sì rán nǹkan kan.

"Ta ni oníbàárà náà?" ló bi í.

"Màdámù kan ni. Ó rìnrìn àjò."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó pẹ́ díẹ̀."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Ìyẹn ò tíì dájú."

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín bí Gúnrégé ṣe fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sí màdámù kankan. Gúnrégé ló ni gáùn. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti fẹ́ràn kó máa wọ aṣọ obìnrin. Kò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì fi wá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti lọ fi aṣọ jíṣẹ́ lọ́sàn-án, á ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, á wọ gáùn, á ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ṣòkòtò tó bá lọ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ìlà ojú rẹ̀ lè gé búrẹ́dì.

Ibi tó ń kó wọn pamọ́ sí ló fi ọgbọ́n ṣe. Ó fi wọ́n kọ́ sórí háńgà láàárín aṣọ àwọn oníbàárà ni. Ta ni yóò béèrè ohun tí gáùn ń wá nílé alágbàfọ̀? Ọgbọ́n náà pé, kò kù síbì kan, àfi pé ìyàwó rẹ̀ mọ̀wé kà, ó sì ka ohun tó wà lára ògiri.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wo ilé. Ó rí gáùn aláwọ̀ búlúù kan, ó rí búláòsì, ó rí wíìgì lábẹ́ agbada tí wọ́n fi ń po sítáàṣì. Nígbà tó wá fa bàtà gogoro kan jáde lẹ́yìn àpò ọṣẹ, tó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò.

"Gbọ́," ló sọ fún ọkọ rẹ̀, "mò ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Kí n tó dé, kí obìnrin yẹn tòun tẹrù rẹ̀ kúrò nílé yìí. Bí mo bá tún bá a níbí, màá yí padà, n kò sì ní wá mọ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, "ẹ" ló ń pè é. "Gbọ́" yẹn dun Gúnrégé ju ìyókù ọ̀rọ̀ lọ. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tọkàntọkàn, kò sì fẹ́ òmíràn rí. Ó rò ó pé bí òun bá sọ òtítọ́, á fi òun sílẹ̀; bí òun kò bá sọ ọ́, á fi òun sílẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé jíjù nù nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n Gúnrégé ni Gúnrégé ń jẹ́. Kí aṣọ tó lọ sí ààtàn, ó fọ̀ ọ́, ó fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó tún fi ọ̀rá wé e kí eruku má bàa bà á. Ó gbé e jù sí ààtàn, ó padà sílé. Kò tíì jókòó dáadáa tí ọkùnrin tó ń ṣa ike níbẹ̀ fi yọ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ọ̀rá náà.

"Ọ̀gá, ẹ kú oríire! Àwọn olè ò rí i gbé lọ!"

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá?"

"Òwú pupa ńkọ́?"

Òwú pupa ni àmì Gúnrégé. Gbogbo alágbàfọ̀ ló ní àmì tó ń rán sí abẹ́ ọrùn aṣọ kí ti ẹnì kan má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tí kò mọ tirẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò tú u. Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀. Àṣé lójú Gúnrégé, alágbàfọ̀ tó bá tú àmì kúrò lára aṣọ, olè ni, ìbáà jẹ́ aṣọ ara rẹ̀ ló jí.

Ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kejì, ó fi ẹrù náà ta obìnrin kan tó ń pàtẹ bọ̀síkọ̀rọ̀, aṣọ àlòkù, lọ́rẹ, ó sì sá lọ kí ìyẹn tó dúpẹ́. Awakọ̀ tó gbé e bọ̀ wá sílé ló tún gbé ẹrù náà wá fún un lọ́jọ́ kejì.

"Obìnrin aláṣọ yẹn kí yín o. Ó ní arákùnrin kan tó ń wo ọ̀tún wo òsì ló gbé e wá, ó jọ olè. Ó ní kí ẹ máa ṣọ́ àwọn tó ń wọlé yín."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni Gúnrégé wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

Iná ló kù. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé, ó ṣáná. Ìṣáná ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí èéfín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ìtòsí fò wọlé, ó gbé ọpọ́n omi dúdú tó fi ń wá ihò lára túùbù, ó dà á lé e lórí ṣọ̀ọ̀.

"Aṣọ oníbàárà ń jó, ẹ dúró, ẹ ń wò ó! Ṣé àìsàn ń ṣe yín ni?"

Gúnrégé bú sẹ́kún. Fọkanáísà gbá a mọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Ó tó, ó tó. Etí rẹ̀ nìkan ló jó. Màdámù ò ní mọ̀."

Ó lọ tán. Gúnrégé wo inú dúrọ́ọ̀mù, ó rí epo dúdú lára gáùn aláwọ̀ ìyeyè. Ojú alágbàfọ̀ kò gba àbàwọ́n. Ó wò ó títí, ó dìde, ó lọ mú ọṣẹ. Ó ń sá wọn sórí okùn lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Àpò bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ó ṣì wà níbí."

"Mo jù ú sí ààtàn, wọ́n gbé e wá. Mo gbé e lọ sí ìlú kejì, wọ́n gbé e wá. Mo dáná sun ún, wọ́n paná."

"Ta ló ní kí o sun aṣọ? Ẹni tó ni ín ni mo ní kí o lé!"

"N kò lè lé e," ni Gúnrégé wí. Ó fi etí gáùn tó jó nu ọwọ́. "Èmi ni mo ni ín."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé, èyí lo rí mú?" Ó já gáùn náà lórí okùn, ó jù ú sí i láyà. "Wọ̀ ọ́. Wọ̀ ọ́ kí n rí i."

Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn. Gáùn náà ń kán omi tó tó. Gúnrégé ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbé èjìká sí i, ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó sì fa síìpù ẹ̀yìn dé ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà láìwo ibì kankan. Ibẹ̀ ni aránṣọ gbà gbọ́. Ó ti rí ọ̀pọ̀ obìnrin tó wá dán gáùn wò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá lè fa síìpù ẹ̀yìn báyẹn láìpe aládùúgbò, aṣọ ara rẹ̀ ló wọ̀.

Ó yí i po bó ṣe máa ń yí àwọn oníbàárà rẹ̀ po. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń bẹ̀rù obìnrin yìí? Mo fi tépù wọn èjìká gáùn yẹn, mo fi ẹsẹ̀ mi wọn bàtà. Mo ní, ẹni tó tó báyìí, bí a bá pàdé, á gbé mi jù sí gọ́tà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ ra òwú!"

Gúnrégé ṣèèṣì rẹ́rìn-ín. Bàtà gogoro kan bà á nígbáyà. Nígbà tó gbé ojú sókè, ìyàwó rẹ̀ náà ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú.

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?" ni obìnrin náà bi í.

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́."

"Mo ti kọ́kọ́ béèrè."

"Mo fẹ́ ọ. Kò sí ìgbà kan tí n kò fẹ́ ọ."

"Ó dáa. Irọ́ ni n kò fẹ́ mọ́ nílé mi. Aṣọ ò ṣẹ̀ mí." Ó dìde, ó di apá gáùn náà mú, ó fà á wò. "Ẹ bọ́ ọ kí òtútù má mú yín. Ta ló tilẹ̀ rán eléyìí? Apá rẹ̀ ò dọ́gba."

Gúnrégé gbọ́ "ẹ" yẹn, ó sì mọ̀ pé òun ti délé. Ìyàwó rẹ̀ ló tún apá gáùn náà ṣe fún un, ó tún rán òmíràn tó dára ju gbogbo wọn lọ. Àwọn aṣọ náà kúrò láàárín ti oníbàárà, wọ́n wọ kọ́bọ́ọ̀dù tọkọtaya. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń jà lé lórí ni àwọ̀ ìyeyè. Ìyàwó ní kò bá awọ ọkọ òun mu, ọkọ ní ó bá a mu, ẹ sì ti mọ irú ẹni tí ọkọ jẹ́ nínú ìdúnàádúrà.

Àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló mú Gúnrégé lọ nígbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Agbẹ̀bí sunkún ju ẹbí lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n Gúnrégé ọkùnrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wá wo àwọn aṣọ tó fi sílẹ̀, kí wọ́n lè pín in. Ó ń to ṣẹ́ẹ̀tì sápá kan, ó ń to ṣòkòtò sápá kan, ọwọ́ rẹ̀ bá dé orí gáùn búlúù.

"Ìyàwó wa, aṣọ rẹ dà pọ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ."

Irọ́ kan tó rọrùn ti wà létí ètè obìnrin náà. Aránṣọ ni, bó bá ní ti oníbàárà òun ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó wo ọkùnrin àgbàlagbà náà.

"Kò dà pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Tirẹ̀ ni. Òun ló ń wọ̀ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n gbé gáùn náà sókè síhà fèrèsé, ó wo èjìká rẹ̀, ó wo gígùn rẹ̀. Ó rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ó yẹ ẹ́?"

"Ó yẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ mí lọ."

Èjìká ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò ní ariwo, ó sì pẹ́ kó tó dá. Nígbà tó dá, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí kò tíì lè rìn. Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó ń bẹ̀rù yín, ẹ̀gbọ́n. Ó fẹ́ràn yín, ló fi ń bẹ̀rù."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó tẹ́ gáùn náà sórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ibi tó rún.

"Àwọn yòókù, ẹ pín in," ló wí. "Èyí, jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀."

Ìyàwó Gúnrégé jáde, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.