Tòlótòló Tí Ọ̀gá Dá Padà

Kékeré ni mo wà, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí bàbá mi ra tòlótòló kan wá sí ilé wa ní Madina, ní Accra níbí. Kì í ṣe tiwa. Akọ̀wé ni bàbá mi, ó ti ń retí ìgbéga tipẹ́. Adìẹ ni àwọn akọ̀wé yòókù máa ń gbé lọ kí ọ̀gá ní Kérésì, ó sì gbà pé tòlótòló ni yóò jẹ́ kí ọ̀gá rántí òun.

Èmi àti àbúrò mi là ń fún ẹyẹ náà ní àgbàdo, a sì mọ ìwà rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá súfèé sí akọ tòlótòló, yóò dá yín lóhùn. Tó bá fẹ́ ṣe fáàrí, á na ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ẹran tó rọ̀ sórí ẹnu rẹ̀ á sì gùn sí i. Orí rẹ̀ lè pupa, kó di búlúù, kó tún funfun, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kì í ṣe àìsàn. Ohun tó ń ṣe é nínú ló ń hàn lórí rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n bò bíi tiwa.

Nígbà tí ọdún sún mọ́, ẹkún ni àwa méjèèjì ń sun. Ìyá mi ní kí a ṣe àwòrán rẹ̀ kó má baà lọ tán lójú wa. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ tẹ́ ọwọ́ lé páálí, ẹ fi pẹ́ńsùlù fà á yí ká. Àtàǹpàkò ni orí, ìka yòókù ni ìrù. Ẹ gé e, ẹ kùn ún, kí ẹ wá fi sítáàsì lẹ ìyẹ́ tó bá já bọ́ nílẹ̀ mọ́ ọn. A gbé tiwa kọ́ ara ògiri, bí ìgbà tí a gbé fọ́tò òkú kọ́.

Bàbá mi wọ kóòtù òkirikà tó rà ní ọjà Kantamanto, èyí tí wọ́n rán fún ẹni tó sanra jù ú lọ, ó kó wa wọ trotro, ọkọ̀ akérò. Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ wo bàbá mi àti ẹyẹ náà. "Alátà," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, "nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọkọ ìyàwó?"

Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀gá náà. Ó ti kàwé lókè òkun, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí a ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ajá rẹ̀ gbó. Orí tòlótòló pupa, ó di búlúù, ó funfun báláú. Ọ̀gá sún sẹ́yìn.

"Ẹyẹ yìí ń ṣàìsàn."

"Rárá sà, ara rẹ̀ le."

"Orí ń yí àwọ̀, o ní ara le? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Àbúrò mi fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Bí a ṣe gbé e padà sílé nìyẹn. Ìyá mi ti ń pọ́n ọ̀bẹ, bàbá mi ní, "Ẹran tí ọ̀gá ní ó ń ṣàìsàn, ta ni yóò jẹ ẹ́?" Ìgbéga kò dé lọ́dún náà. Ẹyẹ náà darúgbó sí àgbàlá wa, ó ń lé àlejò kiri, bàbá mi sì ń béèrè láràárọ̀ bóyá àìsàn rẹ̀ ti fúyẹ́.

Ayé ti yàtọ̀. Nínú páálí ni tòlótòló ti ń wọ Accra báyìí, ó ti kú, ó ti dì bíi yìnyín, kò lórí, kò níyẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi rò pé apá nìkan ni Ọlọ́run dá fún un. Ó rọrùn láti sè, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀gá gọ̀ tó lónìí, kò lè gba ẹyẹ kankan là mọ́.