Tanímọ̀la, Ajá Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Òórùn irun ajá tó tutù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti òórùn àlùbọ́sà tí ìyá mi ń dín. Yìnyín ti bo gbogbo àdúgbò wa, Morris Heights ní New York, hítà ń hó lábẹ́ fèrèsé, ajá kékeré kan sì ń lá mi lójú. Bí ìyá mi ṣe gbọ́ ẹ̀rín mi, ó yọjú láti kíṣìnì.

"Mojí, ajá yìí ló tún gun bẹ́ẹ̀dì yẹn?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. A kò tíì pẹ́ tí a dé láti Abẹ́òkúta, èmi àti ìyá mi. Bàbá mi ṣì ń retí ìwé ìrìnnà nílé. Ní ilé ìwé, n kì í lanu sọ̀rọ̀, nítorí bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa sín ohùn mi jẹ. Bí mo bá dé, màá jókòó sí ẹnu fèrèsé, màá máa wo àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nísàlẹ̀.

Obìnrin ará Dominican kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Doña, ló ni ajá tó bímọ. Àwọn èèyàn kó àwọn ọmọ ajá yòókù lọ, ó wá ku ọ̀kan. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ níwájú rọ, ó sì ká kò bí ìkọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mo sáré gòkè lọ bẹ ìyá mi.

"Ajá wo? Inú yàrá wo?" ni ó wí. Ní Abẹ́òkúta, ìta gbangba ni ajá ń sùn. Ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Bí ajá náà ṣe rí wa, ó sáré bọ̀, ó fi imú gbálẹ̀, ó dìde, ó tún sáré, ó sì fi eyín fa okùn bàtà ìyá mi. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti dé New York, n kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Òun ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ.

Tanímọ̀la kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Yóò lé ẹyẹlé, yóò ṣubú, yóò gbọn ara nù, yóò tún lé òmíràn. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yí wa ká, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Dandan ni kí n dá wọn lóhùn. Báyìí ni mo ṣe lanu sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ tó ká náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ títì. Ó di egbò, egbò náà sì kọ̀, kò jinná. Dókítà ẹranko ní àfi kí wọ́n gé e. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé, "Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ajá lásán? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ." Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ jáde. Lójú ọ̀nà ilé, mo ń sunkún, mo ń béèrè bí yóò ṣe máa rìn.

"Ọ̀nà kan ò wọjà," ni ó wí. "Yóò wá ọ̀nà tirẹ̀."

Wọ́n gé e. Nígbà tí a gbé e délé, abẹ́ tábìlì ló wọ̀ lọ. Kò jẹun, kò sì wo ojú mi. Ẹ̀rù bà mí pé a ti pa á. Iṣẹ́ òru ni ìyá mi ń ṣe nígbà náà, bàbá arúgbó kan ló ń tọ́jú. Bó bá ti dé láàárọ̀, kò ní bọ́ kóòtù, yóò gbé Tanímọ̀la sọ̀ kalẹ̀ lórí gbogbo àtẹ̀gùn ilé wa lọ tọ̀, yóò sì fi táwẹ̀lì gbá a láyà mú kó lè dúró. "Rọra, ọmọ mi, rọra." Mo dáhùn lọ́jọ́ kan, mo rò pé èmi ni. Ajá ló ń bá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyẹlé kan bà síwájú wa. Tanímọ̀la já kúrò nínú táwẹ̀lì, ó fẹsẹ̀ mẹ́ta fò tọ ẹyẹ náà, ó dé kọ̀rọ̀ òpópónà, kò ṣubú. "Ẹ wò ó! Ẹ bá mi wò ó o!" Yorùbá ni ìyá mi fi ń pariwo sí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Doña ń pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Omijé ń bọ́ lójú ìyá mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ajá náà pẹ́ láyé. Mo ti wọ yunifásítì kó tó kú, ọjọ́ ogbó ló kú sí.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ orí ìyá mi nígbà yẹn báyìí. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Flatbush ni mo ń gbé, bí mo bá sì dé láti ibi iṣẹ́, tí ọmọ mi ní kí n bu omi fún òun, màá kọ́kọ́ wo ọ̀nà kíṣìnì kí n tó dìde. Mojí kékeré tí mo jẹ́ nígbà náà gbà pé akíkanjú ni ajá òun, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lálaalẹ́. Obìnrin tó fi gbogbo òru dúró, tó tún ń gun àtẹ̀gùn, kò hàn sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe ìyá mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mojí," ni ó wí, "ajá yẹn mà wúwo o."

A rẹ́rìn-ín títí ohùn wa fi há.